Réèlì Kì í Tọ́ Ju Irin Tó Jókòó Lé Lọ: Ìyá Ẹlẹ́rọ Dáhùn Ìbéèrè Yín

Ohun tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Èyí tó pọ̀ jù nínú lẹ́tà oṣù yìí, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn kan CNC router, ìyẹn ẹ̀rọ agẹ́gi tí kọ̀ǹpútà ń darí, ló ti wá, ẹjọ́ kan náà ni wọ́n sì ń rò: wọ́n ti ra réèlì, wọ́n ti ra bẹ́ríǹgì tó ń yí lọ yí bọ̀ lórí rẹ̀, gantry, ìyẹn afárá tó ń gbé mọ́tò agẹ́gi kọjá lórí tábìlì, ti dúró, àmọ́ kò fẹ́ lọ geere. Mo mú márùn-ún. Ti Afọwọ́ṣe ni mo fi ṣáájú, ó sì gùn. Ẹ fara balẹ̀ kà á, torí púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí n kò dárúkọ yóò rí ìdáhùn tiyín níbẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́rọ, ẹ kú iṣẹ́ o. Irin onígun mẹ́rin ni mo jó pọ̀ fi ṣe férémù. Mo de réèlì onígun mẹ́rin HGR20 méjì tó gùn ní mítà kan mọ́ ọn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bẹ́ríǹgì HGH20CA méjì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí bẹ́ríǹgì bá dá wà, ìka kan ni mo fi ń tì í. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti de gantry mọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, yóò lọ dáadáa láti iwájú dé àárín, bó bá sì ti ń sún mọ́ ẹ̀yìn, yóò há gbàgà, mọ́tò tó ń fà á yóò máa kígbe. Ṣé kí n ra mọ́tò tó lágbára jù báyìí lọ? — Afọwọ́ṣe

Afọwọ́ṣe ọmọ mi, má ra mọ́tò kankan. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Mọ́tò tó lágbára yóò fà á kọjá lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú bẹ́ríǹgì ni agbára yẹn ń lọ. Àwọn bọ́ọ̀lù irin kéékèèké inú rẹ̀ yóò máa tẹ ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yí, bó bá sì pẹ́, ọwọ́ rẹ yóò máa gbọ́ gìrì-gìrì nígbà tí o bá ń tì í.

Réèlì yẹn, bó ti le tó nì, ó ń tẹ̀. Bóòtù M5 lásán lè fà á wọ inú kòtò tó wà lójú irin, kò sì ní dún kó o tó mọ̀. Àwọn tó ṣe é ti gbà pé ojú tí wọ́n fi ẹ̀rọ rọ́ dan ni ìwọ yóò gbé e lé. Ojú yẹn ló ń mú réèlì tọ́; réèlì kọ́ ló ń mú ojú yẹn tọ́. Irin tí a jó pọ̀ kò sì ní irú ojú bẹ́ẹ̀, iná ti fà á síhìn-ín, ó ti fà á sọ́hùn-ún.

Oríṣi nǹkan méjì ló lè máa há a. Ti gantry lọ síbi tó ti há gan-an. Tú àwọn bóòtù tó dè é mọ́ bẹ́ríǹgì méjèèjì ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, díẹ̀díẹ̀, kí ojú rẹ má sì kúrò níbẹ̀. Bí ẹsẹ̀ gantry bá fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí bóòtù tó kẹ́yìn ṣe ń tú, àlàfo tó wà láàárín réèlì méjèèjì lẹ́yìn kò bá ti iwájú mu. Bí kò bá fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó kàn gbéra sókè, mú fílà géèjì (feeler gauge), ìyẹn àwọn ewé irin tín-ínrín tí a fi ń wọn àlàfo, kí o máa ti ewé rẹ̀ bọ abẹ́ ẹsẹ̀ náà ní igun kọ̀ọ̀kan. Igun tó bá gba ewé 0.1 mìlímítà, tí èyí tó kọjú sí i kò gba 0.05 pàápàá, férémù ló lọ́. Kò sì ṣọ̀wọ́n kéèyàn ní méjèèjì pọ̀.

Ti ẹ̀gbẹ́ ló burú jù. Nínú ìwé tí HIWIN, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irú réèlì yìí, ṣe fún réèlì 20, àìdọ́gba àlàfo tí wọ́n gbà láàyè kò ju bíi 0.025 mm lọ fún bẹ́ríǹgì tí wọn kò fún pa láti ilé iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ wọ́n gbà kí gíga réèlì kan fi bíi 0.13 mm yàtọ̀ sí ti èkejì tí wọ́n bá fi ìdajì mítà jìnnà síra. Irun orí nípọn ju 0.025 lọ dáadáa. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun fi téèpù wọn àlàfo réèlì òun, ó bá ara mu, ẹ má dá a lóhùn.

Àlàfo ni ká kọ́kọ́ mú. Réèlì kan ni ọ̀gá, èkejì ń tẹ̀ lé e. Ọ̀gá la ń kọ́kọ́ tọ́. Àmì wà lára réèlì tó dára tó ń fi ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n rọ́ fún ìwọ̀n hàn. Ẹ̀gbẹ́ yẹn ni kí o máa wọ̀n. Bí o kò bá ní rúlà irin gígùn tó ṣeé fọkàn tán, na wáyà irin tín-ínrín láti orí réèlì dé ìdí rẹ̀, nà án títí yóò fi máa dún tí o bá fi ìka ta á, kí o wá máa fi ewé fílà géèjì wọn àlàfo wáyà àti réèlì níbi bóòtù kọ̀ọ̀kan. Lórí HGR20, 60 mm ni ihò kan fi jìnnà sí èkejì, nítorí náà ibi tí wàá wọ̀n pọ̀ díẹ̀. Má fo ọ̀kankan. Àárín ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ sí í dè, kí o máa lọ sí orí méjèèjì. Tí irin bá ni o dè é mọ́, bóòtù M5 gba agbára ìdè bíi 9 N·m. Tó bá jẹ́ alumíníọ̀mù, ìdajì rẹ̀ ti tó.

Tí ọ̀gá bá ti tọ́, má ṣe fi kálípà wá ibi tí réèlì kejì yóò wà. Gantry fúnra rẹ̀ ni kó fi í hàn ọ́. Tú gbogbo bóòtù réèlì kejì títí wọn yóò kàn fi fara kàn án. Gantry ní tirẹ̀, dè é mọ́ bẹ́ríǹgì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dáadáa. Tì í síwájú pátápátá, de bóòtù réèlì tó bọ́ sí àárín bẹ́ríǹgì méjèèjì. Tì í sẹ́yìn pátápátá, de ti ibẹ̀ náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí o máa dè wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí gantry ṣe ń kọjá lórí wọn, kí o kọ́kọ́ fi ìdajì agbára dè é yíká, kí o tó padà wá dè é tán. Lẹ́yìn bóòtù kọ̀ọ̀kan, fọwọ́ ti gantry lọ, fọwọ́ tì í bọ̀. Èyí tí o bá dè tí ọwọ́ rẹ sì mọ̀ pé nǹkan ti yí padà, tú u, kí o wo abẹ́ rẹ̀, má tíì lọ sórí èyí tó kàn.

Ihò réèlì yẹn fẹ̀ ní 6 mm, bóòtù jẹ́ 5, ó túmọ̀ sí pé réèlì lè sún tó ìdajì mìlímítà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Bí ìyẹn kò bá tó o, ihò tí o lu sára férémù ni kò sí láyè rẹ̀. Tún un lu. Má fi òòlù bá réèlì sọ̀rọ̀.

Wo bí irin férémù rẹ ṣe nípọn tó pẹ̀lú. Nínú irin 3 mm, tíréèdì M5 kò tó ìlọ́ mẹ́rin, bóòtù yóò fà á jáde lọ́jọ́ tí o bá dè é pa. Fi epoxy, ìyẹn àtè olómi tí a ń pò kó lè le, àti bóòtù so irin pẹlẹbẹ tó nípọn ní 8 mm mọ́ ọn kí o tó lu ihò 4.2 mm tí wàá fi táàpù gé tíréèdì sí. Má jó o mọ́ ọn o, iná yóò tún lọ́ ohun tí à ń tọ́.

Ó wá ku ti férémù tó lọ́. Ta okùn tín-ínrín méjì láti igun sí igun, kí wọ́n gba ara wọn kọjá láàárín, kí orí okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ga bákan náà sí ojú tí réèlì yóò jókòó lé. Bí ojú náà bá tẹ́ pẹrẹsẹ, okùn méjèèjì yóò kàn fara kan ara wọn ni. Bí àlàfo bá wà láàárín wọn, ìlọ́po méjì àlàfo yẹn ni igun kan fi ga ju bó ti yẹ lọ. Kí o tó gbà á gbọ́, pààrọ̀ wọn, kí èyí tó wà lókè bọ́ sísàlẹ̀, torí okùn ìsàlẹ̀ lè máa ti tòkè kí ojú rẹ má rí i.

Bí ohun tó kù kò bá pọ̀, ká ní kò ju 0.3 mm lọ, ṣíìmù, ìyẹn ewé tín-ínrín tí à ń ki sábẹ́ réèlì, ni mo máa fi sí i. Idẹ pẹlẹbẹ tàbí irin tín-ínrín ni o; páálí àti bébà kì í ṣe ṣíìmù, wọn yóò sún kì. Ara agolo ohun mímu nípọn ní nǹkan bíi 0.1 mm, ó sì wúlò. Ṣùgbọ́n má kàn ki ẹyọ kan sábẹ́ ibi kan kí ìyókù réèlì wà lófuurufú. Tò ó lọ sábẹ́ bóòtù kọ̀ọ̀kan, kó máa fẹ́lẹ́ sí i bó ti ń lọ.

Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, epoxy olómi ni, òun gan-an ni mo sì fẹ́ràn jù. Gbé férémù sí lẹ́fẹ́lì. Fi pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ àti téèpù mọ odi yí ibi tí réèlì méjèèjì yóò jókòó ká, kó fẹ̀ jù wọ́n lọ ní bíi sẹ̀ǹtímítà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Wá ṣe ojú ọ̀nà kan tó so odò ọ̀tún pọ̀ mọ́ ti òsì. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ojú ọ̀nà yẹn, torí òun ni kò ní jẹ́ kí apá kan ga ju ìkejì lọ. Bí o bá da ti ọ̀tún lọ́tọ̀, tí o da ti òsì lọ́tọ̀, o ti fi owó epoxy ṣòfò. Epoxy tó ṣàn bí omi, tó sì ń pẹ́ kó tó dì, ni kí o wá. Etí rẹ̀ yóò gun ara odi díẹ̀, wàá fi fáìlì mú ìyẹn kúrò. Fi í sílẹ̀ kó le dénú bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára agolo rẹ̀ kí o tó lu ihò kankan sí i.

Mà, ẹ kú iṣẹ́. Réèlì roboto SBR16 mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ mi. Ẹnì kan tó ti ṣe ẹ̀rọ tirẹ̀ ní kí n kó gbogbo rẹ̀ dànù, pé onígun mẹ́rin bíi HGR nìkan ló dára. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. — Onípákó

Ẹni tó ní kí o kó o dànù, owó tìẹ ló ń ná.

Wo bẹ́ríǹgì SBR láti ìparí réèlì: ẹnu rẹ̀ là nísàlẹ̀, kí igi alumíníọ̀mù tó gbé ọ̀pá dúró lè ráyè kọjá. Kò sí bọ́ọ̀lù lẹ́nu yẹn. Ohun tó bá ń tẹ̀ ẹ́ láti òkè, yóò gbé e láìjanpata. Èyí tó bá ń fà á kúrò lórí ọ̀pá, tàbí tó ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, agbára rẹ̀ sí i dín kù. Nítorí náà, bá a ṣe gbé e dúró ló ṣe pàtàkì. Lára tábìlì, níbi tí gantry ti ń lọ síwá-sẹ́yìn, ìwúwo gantry ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀: fi méjì síbẹ̀, kò sí ìjà. Lójú gantry ńkọ́? Ibẹ̀, spindle, ìyẹn mọ́tò agẹ́gi, ń fà á sísàlẹ̀, bíìtì tó ń gẹgi sì ń tì í jáde, ìyẹn ni pé apá tí bẹ́ríǹgì yẹn kò lágbára gan-an ni gbogbo ìyà ń gbà wọlé. Ra HGR15 méjì síbẹ̀, kí o fi SBR méjì tó kù pamọ́.

SBR sì ní ọ̀nà tirẹ̀ tó fi dára jù. Bẹ́ríǹgì rẹ̀ lè yí díẹ̀ lórí ọ̀pá, nítorí náà férémù tó lọ́ díẹ̀ kò ní há a kíákíá bíi ti Afọwọ́ṣe lókè yìí. Bóòtù kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ríǹgì náà tí a fi ń fún un. Fún un títí tí kò fi ní mì lọ́wọ́ rẹ mọ́, kí o dúró síbẹ̀. Bí o bá kọjá ibẹ̀, bọ́ọ̀lù kò ní yí mọ́, fífà ni yóò máa fà lórí ọ̀pá.

Ìyá Ẹlẹ́rọ, mo kí yín. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀rọ yìí ni mo fi ń gbádùn ara mi. Réèlì HGR15 méjì wà níwájú gantry mi, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, 60 mm ni mo fi jìnnà síra. Imú spindle fi 200 mm rẹlẹ̀ sí réèlì ìsàlẹ̀. Tí mo bá di imú spindle mú tí mo fà á, dial gauge, ìyẹn géèjì alábẹ́rẹ́ tó ń wọn sísún kékeré, ń fi bíi 0.2 mm hàn. Ṣé bẹ́ríǹgì burúkú ni wọ́n tà fún mi ni? — Àgbà Káfíńtà

Bàbá, ẹ kú àgbà, ẹ kú ìgbádùn. Ẹ má tíì bá ẹni tó tà á fún yín jà.

Ẹ wò ó báyìí. Ká ní bẹ́ríǹgì ìsàlẹ̀ fi 0.03 mm péré sún, ti òkè kò sì kúrò lójú kan. Pẹ̀lú 60 mm yín, 0.03 yẹn yóò ti di 0.13 kó tó dé imú spindle. Ẹ fi réèlì méjèèjì jìnnà síra tó 150 mm, bẹ́ríǹgì kan náà, sísún kan náà, yóò di 0.07. Agbára náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: tí igi bá fi 100 N ti bíìtì, réèlì ìsàlẹ̀ yín ń gba bíi 433 N, ní 150 mm, kò ní ju bíi 233 lọ. Ẹ̀rọ yín kò gba bẹ́ríǹgì tó wọ́n jù bẹ́ẹ̀, àyè ló ń bẹ̀bẹ̀ fún. Bí gantry yín kò bá ga tó láti fi réèlì jìnnà síra, ẹ gbé irin rẹ̀ sún mọ́ tábìlì kí spindle má fi gùn sísàlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣé igi tó nípọn ní 200 mm lẹ fẹ́ máa gẹ́ ni?

Àmọ́, kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ wá ibi tí 0.2 yẹn ti ń wá. Ẹ gbé ẹsẹ̀ dial gauge sórí férémù. Tó bá jẹ́ alumíníọ̀mù, mágínẹ́ẹ̀tì kò ní mú un, ẹ fi kílámpù dì í. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan máa fi agbára kan náà fa imú spindle. Abẹ́rẹ́ gauge yóò kọ́kọ́ wà lára irin gantry fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà lára bẹ́ríǹgì, lẹ́yìn náà lára pélétì tó gbé spindle, kó tó wá dé ara spindle. Ibi tí nọ́ńbà bá ti fò sókè lójijì, ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Tó bá jẹ́ pé lára irin gantry gan-an lẹ ti rí 0.1, gantry ló ń lọ́, bẹ́ríǹgì kò jẹ̀bi. Irin tó jẹ́ àpótí, tó dé pa yíká, máa ń kọ lílọ́ ju pélétì pẹlẹbẹ tàbí irin tó la ẹnu lọ, bí ìwúwo wọn tilẹ̀ dọ́gba.

Bí gantry yín bá sì jẹ́ alumíníọ̀mù, nǹkan kan tún wà tí kì í hàn sójú. Tí ooru bá fi ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì mẹ́wàá lé, mítà kan alumíníọ̀mù ń gùn sí i ní bíi 0.23 mm, irin réèlì ń gùn sí i ní bíi 0.12. Méjèèjì ti wà nínú ìdè bóòtù, kò sẹ́ni tó lè dá lọ, ni gantry bá tẹ̀ kọrọdọ díẹ̀. Ẹ̀rọ tí ẹ tọ́ láàárọ̀ kùtù lè máa há lọ́sàn-án gangan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Àsìkò tí ẹ sábà máa ń lò ó ni kí ẹ tọ́ ọ.

Mo fa bẹ́ríǹgì kúrò lórí réèlì, bọ́ọ̀lù dà sílẹ̀ yàà. Mo ti ṣa wọ́n, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ bóyá mo rí gbogbo wọn. Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn? — Ọwọ́ Yá Jù

Kò tíì bàjẹ́. Fi kẹrosíìnì fọ bẹ́ríǹgì àti bọ́ọ̀lù. Fi gíríìsì tó lẹ̀ sójú ọ̀nà wọn, kí o máa fi ẹ̀mú tò wọ́n padà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí iye tó wà nínú ìlà kan bá ti ìlà tó kọjú sí i mu. Wọn kì í kún ìlà fọ́fọ́, àyè díẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù kí wọ́n lè yí. Bó bá dín, má yá ti bẹ́ríǹgì mìíràn, má sì ra èyíkéyìí tí o bá rí: bí bọ́ọ̀lù ṣe tóbi sí ni wọ́n fi ń pinnu bí bẹ́ríǹgì yóò ṣe fún tó, ìyàtọ̀ tí kálípà rẹ kò lè rí sì wà nínú rẹ̀. Ra bẹ́ríǹgì tuntun.

Rọ́bà gígùn tó bá a wá láti ilé iṣẹ́, tó jọ réèlì kékeré, kì í ṣe pàǹtí. Orí rẹ̀ ni bẹ́ríǹgì ń bọ́ sí nígbàkigbà tó bá kúrò lórí réèlì. Gbé e kan orí réèlì ṣánṣán, kí o rọra ti bẹ́ríǹgì kọjá láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì. Bó bá jẹ́ ìwọ lo fúnra rẹ gé réèlì náà, fi òkúta ìpọ́nrin pa ẹnu rẹ̀ kó má mú, torí ẹnu tó mú yẹn ló ń ha rọ́bà etí bẹ́ríǹgì tó sì ń tú bọ́ọ̀lù dà sílẹ̀.

Gíríìsì wo ni kí n lò, ṣé kì í ṣe pé òróró ti wà nínú rẹ̀ nígbà tí mo rà á? — Aláìlórúkọ

Èyí tó bá a wá, kí ìpẹtà má mú un lójú ọ̀nà ni wọ́n fi sí i. Nù ún kúrò. Gíríìsì lítíọ́ọ̀mù nọ́ńbà 2 lásán ti tó. Èyí tó ní graphite nínú, gbé e sílẹ̀. Fi ìbọn gíríìsì gba ẹnu kékeré tó wà lórí bẹ́ríǹgì fún un, máa tì í lọ tì í bọ̀ bí o ti ń fún un, títí díẹ̀ yóò fi yọ létí. Máa nu èyí tó yọ, torí ìyẹ̀fun igi yóò lẹ̀ mọ́ ọn.

Ọmọ ìdérí oníke tí wọ́n fi sínú ọ̀rá pẹ̀lú réèlì, tí púpọ̀ nínú yín ń kó sí kọ̀rọ̀, ihò bóòtù ni wọ́n wà fún. Gbé igi pẹlẹbẹ lé e, fi òòlù rọra gbá a wọlé títí orí rẹ̀ yóò fi bá ojú réèlì dọ́gba, kí o wá fi èékánná rẹ kọjá lórí rẹ̀. Bí èékánná bá kọ́ ọ, rọ́bà etí bẹ́ríǹgì náà yóò kọ́ ọ. Fi abẹ fá ibi tó yọ kúrò.